Omi Inú Bíréèkì Alhaji Sanni

Bí wọ́n bá gbé mọ́tò wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lónìí, ì báà jẹ́ pé iná iwájú nìkan ló kú, bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ ń ṣí. Màá ṣí ìdérí ike kékeré tí ọ́ìlì bíréèkì wà nínú rẹ̀, màá ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mọ́ bọ̀ ọ́, màá sì gbé igi náà sókè sí oòrùn. Àwọn oníbàárà mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní Raufu tún ti ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Mo mọ ohun tí ojú mi rí kí n tó mú àṣà yìí.

Fítà ni mí ní Kumasi. Níbí, fítà là ń pe ẹni tí àwọn ará ilé lọ́hùn-ún ń pè ní mẹkáníìkì. Ìlọrin ni baba bàbá mi ti wá, ṣùgbọ́n àdúgbò Aboabo níbí ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí èmi sí. Alfa ni bàbá mi, Alfa Sálímánù, ilé kéwú rẹ̀ sì wà níwájú ilé wa gan-an. Èmi nìkan ni ọmọkùnrin tó bí, gbogbo àdúgbò ló sì ti gbà pé èmi ni n ó jókòó sórí àwọ̀ àgùntàn rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Mo kéwú, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n irin ló wà lọ́kàn mi. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún bàbá mi pé iṣẹ́ fítà ni mo fẹ́ kọ́, kò bá mi jà. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé wọ́n máa ń ráyè kírun níbẹ̀?" Mo ní wọ́n máa ń ráyè. Irọ́ ni mo pa. Mi ò tíì dé ibẹ̀ rí.

Mágásíìnì ni mo ti kọ́ṣẹ́, ní apá Suame, níbi tí àwọn fítà ìlú yìí pọ̀ sí jù lọ. Agya Yaw ni ọ̀gá mi, ará Ashanti kan tó ga, tí kì í pariwo. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò fún mi ní sípánà kankan. Ó tọ́ka sí mọ́tò kan, ó ní kí n yí i po kí n wá sọ ohun tí mo rí fún òun. Mo yí i po, mo ní mi ò rí nǹkan kan.

Ó ní, "Yoo, ó dáa. Tún yí i po."

Ìgbà keje ni mo tó rí i pé ọ̀kan nínú àwọn táyà ẹ̀yìn ti la wẹ́wẹ́ ní ẹ̀gbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ tó ń tẹ ilẹ̀ ṣì dára. Àlòkù láti ìlú òyìnbó ni táyà náà. Irú wọn pọ̀ níbí, wọ́n á dán, wọ́n á wuni rà, àmọ́ rọ́bà wọn ti gbó. Agya Yaw kò yìn mí. Ó ní kí n lọ gbá ilẹ̀. Ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé mo gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹnìkejì mọ́ ti wa.

Púpọ̀ nínú ohun tó kọ́ wa kò ju èyí tí ẹnikẹ́ni tó ní mọ́tò lè ṣe fúnra rẹ̀ láàárọ̀. Kó tó jí ẹ́ńjìnnì, kó fa ọ̀pá ọ́ìlì jáde, kó nù ún, kó tì í bọ̀ padà, kó tún fà á yọ kó wo ibi tí ọ́ìlì dé. Kó wo omi rẹdiétọ̀ nígbà tí mọ́tò ṣì tutù. Kó má ṣe ṣí i nígbà tó bá gbóná, àpá kan sì wà ní apá òsì mi tó lè jẹ́rìí sí i. Kó wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó má gbàgbé ìkarùn-ún tó wà nínú búùtù, torí èmi ti rí ẹni tó gbé táyà àpamọ́ tó ti bẹ́ kiri fún ọdún méjì láìmọ̀. Kó sì wo àwọn iná tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, nítorí wọn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́.

Obìnrin kan wà ní Dichemso, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, onígbàgbọ́ tó ń ta ṣíìtì orí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé mọ́tò wá sọ́dọ̀ mi nígbà tí mo ti dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀, ó ní ó ń dún kàrà-kàrà. Mo wo dáṣíbọ́ọ̀dù, mo rí sítíkà ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ìyá wa, kí ló wà lábẹ́ èyí?"

"Iná kan ni. Pupa. Ó ń ṣẹ́jú mọ́ mi."

"Ẹ wá fi sítíkà bò ó?"

"Ó ń dà mí láàmú ni, bọ̀dá. Mi ò lè máa wò ó láti ibí dé Anloga Junction."

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni iná yẹn ń ké fún. Èyí tó kù nínú ẹ́ńjìnnì náà kò tó kún ife tíì. Mo fi obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín fún ọdún mélòó kan, mo sì máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹni tó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. Mo ti dẹ́kun rẹ̀ báyìí, nítorí òun fi sítíkà bo iná, èmi kò fi nǹkan kan bo ojú mi, síbẹ̀ mi ò ríran.

Alhaji Sanni ni ọ̀rẹ́ bàbá mi tó pẹ́ jù. Aṣọ ló ń tà. Ó fẹ́ràn mọ́tò rẹ̀ aláwọ̀ eérú débi pé bó bá ti kírun àsùbáà tán, òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́, tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tó ku díẹ̀ kí a lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kejì ni òun, Hajia Rafatu ìyàwó rẹ̀, àti àwọn ọmọ-ọmọ wọn méjì fẹ́ lọ sí Ejura fún ìsọmọlórúkọ.

Ó ní, "Ọmọ Alfa, bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kíá. Sauri-sauri. Mi ò fẹ́ kí Jímọ̀ kọjá mi."

"Ṣé ó ń ṣe nǹkan kan ni, Bàbá Alhaji?"

"Rárá o. Iná bíréèkì kàn tàn lánàá, ó sì ti kú."

"Ó kú fúnra rẹ̀?"

"Ó kú, wallahi. Ɛnyɛ hwee. Kò sí nǹkan kan."

Ó yẹ kí n ti ibẹ̀ fura. Ọ́ìlì bíréèkì kì í jóná bíi ti ẹ́ńjìnnì. Bó bá ń dín kù nínú ike rẹ̀, ó ń jò níbìkan ni, tàbí kó jẹ́ pé páàdì bíréèkì ti ń jẹ tán. Páàdì ni ohun tó ń di irin táyà mú nígbà tí èèyàn bá tẹ bíréèkì. Bó bá ṣe ń fẹ́lẹ́ sí i ni ọ́ìlì ń sọ̀ kalẹ̀ láti dí àyè tó ṣí sílẹ̀. Ìdí nìyí tí iná fi ń tàn, kí onímọ́tò lè mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n tú táyà wò. Iná bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé kú.

Ṣùgbọ́n aago ń lọ, Alhaji sì dúró lé mi lórí, tẹ̀sùbáà ń yí lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo táyà, mo fún wọn ní afẹ́fẹ́. Mo wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, mo wo omi. Mo wo ike bíréèkì, ó kún dé ojú ìlà. Mo ṣí i. Ohun tó wà nínú rẹ̀ dúdú. Ọ́ìlì bíréèkì tó ṣì dára máa ń mọ́ bí òróró ẹ̀pà, ṣùgbọ́n èyí dà bíi tíì tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Mo rò pé ó ti gbó ni. Láti tú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí n fa ti àtijọ́ jáde kí n sì rọ tuntun, iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ ni. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé bí wọ́n bá ti Ejura dé, n ó pààrọ̀ rẹ̀. Mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

"Ó pé, Bàbá Alhaji. Ẹ máa lọ ní àlàáfíà."

Gbólóhùn yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Ọjọ́ Àlàdì, ìyẹn ọjọ́ Àìkú, ni wọ́n ń bọ̀ wálé. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Mampong mọ òkè yẹn. Bí èèyàn bá ń ti ibẹ̀ bọ̀ sí Kumasi, ilẹ̀ á máa sọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà á sì máa yí. Bí ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa ṣe ń ṣe ni Alhaji ṣe. Kò fi mọ́tò sí jíà kékeré kí ẹ́ńjìnnì lè bá a dá a dúró. Ó kàn gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti orí òkè, kò sì gbé e kúrò. Nígbà tó dé àárín, ẹsẹ̀ rẹ̀ rì lọ sílẹ̀ láìrí ohun tó dì í mú. Ó tẹ̀ ẹ́ léraléra, òfo ni. Ọlọ́hun ló fún un ní làákàyè tó fi fa jíà sí kékeré, tó fi fa bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, tó sì darí mọ́tò wọ inú òkìtì iyanrìn kan tí àwọn tó ń ṣe ọ̀nà dà sílẹ̀. Eyín kan yọ dànù lẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ náà. Apá ọ̀tún Hajia kán.

Mo bá wọn ní ọsibítù lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Hajia ń sùn, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì di apá rẹ̀. Alhaji jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lóore.

"Raufu! Àdúrà bàbá rẹ ló yọ wá. Ìwọ ò mọ ohun tí mo ṣe, àbí?"

"Kí lẹ ṣe, Bàbá Alhaji?"

"Nígbà tí iná yẹn tàn ní Àlàmísì, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo rí i pé ike kékeré yẹn ti ń gbẹ. Mo rántí hàǹtú tí bàbá rẹ kọ fún wa nítorí ìrìn àjò náà. Mo ní kí n rọ díẹ̀ sí i, kí àdúrà wà nínú bíréèkì náà. Mo rọ ọ́ títí ó fi kún. Kai! Iná kú lójú mi níbẹ̀!"

Ẹni tí kò bá mọ hàǹtú, omi ni. Alfa á kọ àwọn ọ̀rọ̀ Kùránì sára wàláà, pátákó tí àwọn ọmọ kéwú ń lò, pẹ̀lú tàdáà dúdú, yíǹkì àwọn alfa. Yóò fi omi tó mọ́ fọ ìkọ̀wé náà sínú abọ́, yóò sì gbé e fún ẹni tó ní bùkátà láti mu tàbí láti fi pa ara. Láti kékeré ni mo ti ń mu ún, mo sì ń mu ún títí di òní.

Iná yẹn kò mọ ọ́ìlì yàtọ̀ sí omi. Nǹkan kan tó léfòó wà nínú ike náà, ohun yòówù tí a bá rọ sí i á gbé e sókè, iná á sì kú. Ṣùgbọ́n bíréèkì mọ ìyàtọ̀ wọn. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ gùn, ó máa ń gbóná gan-an. Ọ́ìlì rẹ̀ lè fara da ooru yẹn, àmọ́ bí omi bá pọ̀ nínú rẹ̀, ó máa ń tètè hó di èéfín. A lè fún èéfín pọ̀ bí a ti ń fún kànrìnkàn, nítorí náà ẹsẹ̀ a kàn máa rì ni, agbára kankan kò ní í dé ọ̀dọ̀ táyà. Tàdáà ni dúdú tí mo rí. Mo rí i, mo sì pè é ní ọ́ìlì tó gbó.

Mi ò sọ nǹkan kan. Ohun tó jẹ́ kí n dákẹ́ kò ṣòro láti mọ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, n ó sọ fún gbogbo ayé pé omi tí bàbá mi kọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀rẹ́ rẹ̀, n ó sì tún sọ pé èmi tí mo jẹ́ fítà ṣí ìdérí náà, mo rí i, mo dé e padà. Bí mo bá dákẹ́, àwọn èèyàn á máa yin bàbá mi, kò sì sẹ́ni tó máa bi mí ní ìbéèrè. Mo dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n fa mọ́tò náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo tú ẹsẹ̀ iwájú, mo rí i pé páàdì ti jẹ dé irin. Mo fa ohun tó wà nínú ike náà sínú ìgò, mo gbé e pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ní Àlàmísì, mo lọ kí bàbá mi láàárọ̀. Èrò wà níwájú ilé wa, ìgò sì wà lọ́wọ́ wọn. Ìròyìn ti kárí Aboabo. Wọ́n ní Alfa Sálímánù ń kọ hàǹtú mọ́tò, pé òun ló yọ Alhaji Sanni lórí òkè Mampong. Bàbá mi jókòó nínú ilé, ó ń kọ, ó ń fọ̀, kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ níta. Òun rò pé ara ń ni àwọn èèyàn lọ́sẹ̀ náà ni. Mo rí Issaka, awakọ̀ takisí kan tó máa ń kó àwọn ọmọ iléèwé, tó ti gba tirẹ̀ jáde. Bọ́nẹ́ẹ̀tì takisí rẹ̀ wà ní ṣíṣí.

"Chale, níbo lò ń gbé ìyẹn lọ?"

"Brake inside. Bíi ti Alhaji."

"Má rọ ọ́ sí i, Issaka. Mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ ọ́."

"Haba! Bàbá rẹ ló kọ ọ́, ìwọ lò ń sọ pé kí n má rọ ọ́? Àbí ẹ̀yin fítà ò fẹ́ kí á sinmi ni?"

Mo gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ gbà á padà, a sì ń fà á mọ́ ara wa lọ́wọ́ bí ọmọdé níwájú gbogbo èèyàn. Ohun tí mo ń rí lójú mi ni àwọn ọmọ iléèwé mẹ́rin lẹ́yìn takisí yẹn. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró dè mí títí di ìrọ̀lẹ́, mo sì wọlé lọ bá bàbá mi.

Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ Alhaji fún un. Ó gbé kálámù sílẹ̀.

Ó ní, "Ṣé hàǹtú mi ló ba bíréèkì jẹ́?"

"Omi ni, Bàbá. Omi yòówù kó jẹ́, bákan náà ni ì bá ṣe."

"Fi hàn mí."

Mo lọ gbé ìgò tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wá, mo sì mú ọ́ìlì bíréèkì tuntun dání. Mo rọ díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú agolo mílíìkì méjì, mo gbé wọn sórí èédú tó ń jó nínú kóòlùpọ́ọ̀tù màmá mi, ní ẹ̀yìnkùlé. Kí ẹnikẹ́ni má dán an wò nílé o, nítorí nǹkan yẹn lè gbiná. Bàbá mi jókòó sórí àpótí, ó ń wò. Kò pẹ́ tí ti Alhaji fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, tó ń ta sókè. Ti tuntun kò mira.

"Omi tí mo kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun sí nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó sì ń hó bí omi."

"Omi ni, Bàbá."

Mo gbé agolo méjèèjì kúrò lórí iná. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Mo kọ ọ́ fún èèyàn. Mi ò kọ ọ́ fún irin. Ṣùgbọ́n mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn." Ó wá yíjú sí mi. "Wọ́n ní ìwọ lo yẹ mọ́tò náà wò kí wọ́n tó lọ. Kí lo rí?"

"Mo rí i pé ó kún."

"Kí lo tún rí?"

Èmi tí mo ti dàgbà, tí mo ní ìyàwó àti ọmọ, orí ilẹ̀ ni mo ń wò. "Mo rí i pé ó dúdú."

Kò bá mi wí. Ó dìde, ó mú ṣágo, ó lọ ṣe àlùwàlá. Ì bá kúkú bá mi wí.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn Jímọ̀, ó ní kí àwọn èèyàn má tíì lọ. Ó dìde nínú àgbàlá mọ́ṣáláṣí. Ó sọ fún wọn pé hàǹtú òun ló wà nínú bíréèkì Alhaji Sanni, pé omi náà kọ́ ló dá mọ́tò dúró, omi náà ló jẹ́ kí bíréèkì já. Ó ní kí ẹni tó bá ti rọ ọ́ sínú mọ́tò gbé e lọ sọ́dọ̀ fítà lọ́jọ́ náà gan-an, kó má sì wà á yára. Ariwo sọ. Alhaji Sanni ń mi orí. Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè títí wọ́n fi dákẹ́.

Ó ní, "Èyí tó jẹ́ tèmi nínú ọ̀ràn yìí ni mo sọ yẹn. Ó ku ìyókù. Èyí tó kù kì í ṣe tèmi, mi ò sì ní í bá ẹni tó ni ín sọ ọ́."

Ó jókòó. Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá.

Mo dìde. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo yẹ mọ́tò náà wò. Mo ní mo ṣí ike náà, mo rí i pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò dára, mo sì fi sílẹ̀ nítorí pé mò ń kánjú lọ sí Jímọ̀. Ohùn kan ti ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin wá. Hajia Rafatu ni, ó fi gèlè gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn.

"Raufu. O ní o rí i?"

"Mo rí i, Mama."

"O sì ní kí á máa lọ?"

"Mo ní kí ẹ máa lọ."

Ó ní, "Bí o bá tún mọ́tò náà ṣe tán, pè mí. Má pe Alhaji."

Ọ̀sẹ̀ yẹn, mọ́tò mẹ́jọ ni mo fọ inú bíréèkì wọn, ti Issaka sì wà lára wọn, nítorí ó ti rọ díẹ̀ sí i kí n tó dé. Ó ní òun ò fẹ́ kí n mọ̀. Bàbá mi ṣì ń kọ hàǹtú, àmọ́ bí èèyàn bá gbé mọ́tò tuntun wá fún àdúrà, yóò bi í pé fítà wo ló yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tíì sí, á ní kó lọ kó padà wá.

Nígbà tí mo pe Hajia, ó wá láàárọ̀ pẹ̀lú Alhaji. Mo ti pààrọ̀ páàdì, mo ti pààrọ̀ ọ́ìlì àti gbogbo rọ́bà tí omi náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n tú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú òun. Mo tú wọn. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi ọwọ́ òsì tọ́ka. "Èyí ńkọ́? Kí niṣẹ́ rẹ̀? Kí ló dì í mú?" Mo dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé bí mo bá ti dì wọ́n padà, ó parí. Ó fún Alhaji ní kọ́kọ́rọ́, òun wọ iwájú, ó sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀.

"Fítà, wọlé."

"Níbo là ń lọ, Mama?"

"Mampong."

Mo wọlé, mo jókòó síbi tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó sí lọ́jọ́ náà. Alhaji wà á títí a fi gun orí òkè. Alhaji yí mọ́tò padà, ó fi sí jíà kékeré bí mo ṣe ní kó ṣe, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Hajia di ilẹ̀kùn mú gírígírí. Bíréèkì mú. A dé ìsàlẹ̀. Mo ní Alhamdulillah.

Hajia ní, "Ẹ padà sókè."

A padà sókè, a tún sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì yìí ó yọ ọwọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn, ó gbé e lé itan. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, Alhaji wo ojú rẹ̀, kò dúró kó sọ ọ́, ó tún yí padà fúnra rẹ̀. Èmi ò gbé ojú kúrò lára ẹsẹ̀ Alhaji àti ọ̀nà tó ń yí níwájú wa. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, tí a dé àárín òkè, ní ibi òkìtì iyanrìn yẹn gan-an, mo wo Hajia láti ẹ̀yìn. Orí rẹ̀ ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó ti sùn.